Wáyà Tí Mo Tì Bọ Àpò Ṣòkòtò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní físíìsì láti ọdún 1987 títí mo fi fẹ̀yìn tì, òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Ọdún méjìlá ni mo fi gbé e pamọ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ báyìí; dókítà kò fẹ́ sọ iye oṣù tó kù fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe irú èyí. Yàrá kan nílé ọmọbìnrin mi, Ṣèyífúnmi, ní Bódìjà ni mo ti ń kọ ọ́, díẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi pé láàbù físíìsì tuntun tí ẹ kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Òkè Àdó ti parí, pé orúkọ mi ni ẹ fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ ya fọ́tò pátákó náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi: LUKE ADÉGBÉNRÓ, lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà. Mo wò ó, mo dojú fóònù náà bolẹ̀. Ẹ gbé pátákó náà kalẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Láwùmí, tí gbogbo yín mọ̀, ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, mo sì sọ fún un pé òun ló láṣẹ bóyá kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín tàbí kí ó fà á ya. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lónìí, a jẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ irú tíṣà tí mo jẹ́. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbòmíràn ń kọ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná sára pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ bí ẹni ń da sáàmù kọ, èmi kì í fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì títí ọwọ́ yín á fi kan nǹkan. Mo máa ń sọ pé ohun tí ọwọ́ kò bá ṣe, orí á gbàgbé rẹ̀. Ẹ ó rántí ìṣó gígùn tí a máa ń wé wáyà kópà mọ́, tí a ó so mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tí ìṣó lásán á wá máa ṣa píìnì bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ẹ ó rántí ìyẹ̀fun irin tí a máa ń gbọ̀n sórí bébà tí mágínẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀, tí yóò to ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà láìsí ẹni tó tò ó. Ẹ ó rántí ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà tí a fi tan iná pupa kékeré, tí ọmọ kan fi pariwo pé, "Sà, ṣé a lè fi ọsàn wo tẹlifíṣọ̀n?" tí mo sì dá a lóhùn pé bóyá ọsàn ni wọ́n ń lò ní àdúgbò tiwa, tí iná wa fi ń rí bàìbàì. Baba Mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀, inú mi sì ń dùn sí i. Mo fẹ́ kí ojú máa wà lára mi, mo fẹ́ kí ẹnu máa ya àwọn èèyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń to àwọn nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí n tó wọlé, ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀. Surajudeen ni, atẹ́ndáǹtì láàbù wa, ará Ṣakí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó mọ Kùránì, ó ń ka Yorùbá geere, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Ohun tó sì mọ̀ nípa iná, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ wáyà ní Ìwó Road ló ti kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Síbẹ̀ òun ni ń pè mí ní ọ̀gá, tí ń sọ "ẹ" fún mi, èmi sì ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, nítorí pé mo ní dìgírì. Mi ò ní tún un ṣe nínú lẹ́tà yìí. Bí mo ṣe ń pè é nígbà yẹn ni mo kọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí ó bá de wáyà kan tán, á fi àtàǹpàkò fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò nídìí rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń bi í pé ṣé wáyà náà fẹ́ sá lọ ni.

Ní ọdún 2013 ni mo pinnu pé a ó ṣe òrùka tó ń fò. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a, bó ṣe rí nìyí: ẹ ó wé wáyà kópà yí ọ̀pá irin ká lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó fi òrùka alumíníọ̀mù kọ́ ọ̀pá náà lọ́rùn, ẹ ó wá tan iná sí wáyà. Kíá, òrùka á fò sókè láìsí ẹni tó jù ú. Mágínẹ́ẹ̀tì inú ọ̀pá irin ló ń bí iná sínú òrùka, iná inú òrùka á di mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa ti ara wọn. Ṣùgbọ́n bátìrì kò lè ṣe é. Iná ara ògiri ló ń ṣe é, iná tó ń pààyàn. Inú sítábíláísà kan tó ti jóná ni Surajudeen ti tú wáyà tí a lò. Èèpo ara rẹ̀ ti ń bó. Mo ní kó wé e bẹ́ẹ̀. Ó wé e, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, wáyà yìí ti gbó o. Bó bá ti gbóná, iná á máa jò sára irin. Ẹ jẹ́ kí n de áàtì mọ́ ọn." Áàtì ni wáyà aláwọ̀ ewé tó máa ń lọ sínú ilẹ̀: bí iná bá ṣèèṣì bọ́ sára irin, ilẹ̀ ni yóò gbà lọ, bírékà ara ògiri á sì gé e kó tó kan èèyàn. Ó dè é. Bó sì ti wí náà ló rí. Bí a bá ti tan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wáyà gbóná, bírékà á dún "táù", gbogbo rẹ̀ á kú. Surajudeen á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó ní ó tó báyẹn, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Inú mi kì í dùn sí i. Èmi tíṣà, kí bírékà lásán máa pàṣẹ fún mi.

Ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn dé, ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta. Láàbù kún fọ́fọ́. Àwọn bàbá onítáì láti Onírèké, àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ tíṣà láti Agbowó, pásítọ̀ méjì, gbogbo wọn tò sẹ́yìn àwọn ọmọ. Iná tí kì í dúró níbì kan dúró digbí lọ́jọ́ náà. Mo ti ṣe ti ìṣó, mo ti ṣe ti ìyẹ̀fun irin, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Mo wá ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ di fìlà yín mú o." Mo tan òrùka, ó fò bí ẹni tí wọ́n ta nídìí. Àwọn èèyàn hó. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe. Bàbá kan tó pẹ́ kó tó dé ní òun kò rí i, mo tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, bírékà dún táù. Mo gbé e padà, táù. Mo tún gbé e, táù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá tó pẹ́ dé yẹn sọ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, ó ní, "Àṣé idán ni. Idán ti tán."

Ojú tì mí. Ẹ wo ohun tí ìtìjú lásán lè mú àgbàlagbà ṣe. Surajudeen kò sí níbẹ̀. Màmá Ikúbọlájẹ́, pírínsípà wa, ti rán an pé kó lọ kó àga sí i wá fún àwọn òbí tó dúró. Mo mọ ohun tó ń gé iná. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn lọ, èmi ni mo kọ́ yín. Mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn bí ẹni ń tún nǹkan tò, mo tú wáyà áàtì náà kúrò lára ọ̀pá irin, mo fà á yọ lára ògiri, mo ká a, mo sì tì í bọ àpò ṣòkòtò mi. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé bírékà sókè, kò gé mọ́. Òrùka fò, ó balẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ, àtẹ́wọ́ bú jáde. Mo tẹrí ba fún wọn bí òṣèré orí ìtàgé. Mo ń wo ojú bàbá tó ní idán ti tán, mo fẹ́ rí i bóyá ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn gan-an ni.

Láwùmí ló mú òrùka náà nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, iwájú ló máa ń jókòó, ó sì ti ń sọ láti kékeré pé dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ni òun fẹ́ dà. Ó ní, "Sà, ṣé mo lè fi í padà síbẹ̀ fúnra mi?" Mo ní, "Wá, ọmọ mi. Ọwọ́ la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbí." Mi ò tíì pa súìtì. Àtẹ́wọ́ ló ń pa mí bí ọtí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀pá irin, ó sì fi ọwọ́ òsì di táàpù omi tó wà lórí tábìlì, tí páìpù irin rẹ̀ wọnú ilẹ̀, mú kó má baà ṣubú. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Kò pariwo. Iná kì í jẹ́ kéèyàn rí ohùn pariwo. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. Àwọn òbí rò pé ó wà nínú eré. Ẹnì kan ṣì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi tíṣà iná dúró bí igi. Ẹni tó sáré wọlé, tó ju àga sílẹ̀, tó gbá súìtì, tó fi igi ìgbálẹ̀ gbá ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára irin, Surajudeen ni. Òun ló gbé e sí àyà sáré lọ sínú mọ́tò pásítọ̀, tó ń kígbe pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ọwọ́ mi wà nínú àpò, mo di wáyà náà mú. Mo lè fà á jáde nígbà yẹn. Mo lè sọ pé, "Ẹ wò ó, èmi ni." Mo tì í wọ ìsàlẹ̀ àpò.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ jóná dé iṣan, kò sì lè ká wọn kò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Surajudeen fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ àti omi wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, wáyà áàtì tí mo dè láàárọ̀ dà? Mo padà lọ wò ó lórí tábìlì, mi ò rí i." Mo ní, "Wáyà wo?" Ó ní, "Wáyà áàtì, ọ̀gá. Mo dè é." Mo wò ó lójú, wáyà náà wà nínú àpò mi bí mo ti ń wò ó, mo ní, "Surajudeen, ṣé ó dá ọ lójú?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mo rò pé mo dè é. Àbí mo gbàgbé ni? Wọ́n ń pè mí síbí, wọ́n ń pè mí sọ́hùn-ún láàárọ̀. Ọ̀gá, àbí mo gbàgbé ni?" Mo ní, "Èèyàn ni ọ́. Kò sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí." Ohùn ẹni tó ń tuni nínú ni mo fi sọ ọ́. Mo tiẹ̀ gbá a léjìká.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Bí mo bá dúró síbẹ̀, bóyá mi ò bá ti lè máa sùn. Ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí èmi àti Surajudeen kọ ohun tí oníkálukú mọ̀ sílẹ̀ lédè gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ wa: bí atẹ́ndáǹtì tàbí ọlọ́dẹ bá ní lẹ́tà láti kọ sí ọ́fíìsì, tíṣà tó sún mọ́ ọn ni yóò bá a kọ ọ́. Òun á sọ ọ́ lẹ́nu, tíṣà á kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, á kà á padà fún un ní Yorùbá, òun á fọwọ́ sí i. Mo ti bá Surajudeen kọ ti ìsinmi, mo ti bá a kọ ti ikú ìyá rẹ̀, mo ti bá a kọ ti ìgbéga tí wọn kò fún un títí. Nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló mú bébà wá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé mo sọ pé wáyà yẹn ti gbó. Ẹ sọ fún wọn pé ní ti áàtì, mo rántí pé mo dè é, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé mo gbàgbé, kí wọ́n ṣàánú mi, n kò mọ̀ọ́mọ̀." Mo jókòó, mo kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni pé: èmi Surajudeen ni mo lo wáyà tó ti gbó láìsọ fún tíṣà, èmi kò de áàtì lọ́jọ́ náà, tíṣà ti kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́. Mo kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà mo gbé bébà náà sójú, mo sì kà á fún un ní Yorùbá, ohun tí òun sọ ni mo kà, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, mo ń fi ìka tọ ìlà bí ẹni ń ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ń mi orí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti bá mi sọ ọ́ dáadáa. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ọ̀gá." Ó sì fọwọ́ sí i.

Níwájú ìgbìmọ̀, Màmá Ikúbọlájẹ́ na bébà náà sí i, ó bi í ní gẹ̀ẹ́sì bóyá tirẹ̀ ni. Ó rí ọwọ́ tó fi sí i nísàlẹ̀, ó ní, "Yes, ma." Wọ́n ní kó má padà wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tó jáde, ó dúró dè mí lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tí mo bá òun kọ, bóyá wọn ì bá ti fa òun lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ní kó má dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gba ọpẹ́ yẹn. Mo gbà á, mo sì lọ jẹun ọ̀sán.

Èmi wá di èèyàn rere. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lọ sí wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ láti kọ́ Láwùmí nídìí bẹ́ẹ̀dì, láti kọ́ ọ bó ṣe máa fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Nígbà tí ọmọ náà bi mí pé ta ló ṣe òun léyìí, mo ní, "Atẹ́ndáǹtì wa ni. Má bínú sí i, aláìmọ̀kan ni." Ṣé ẹ rí i? Mo tún bá a bẹ̀bẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Láwùmí wá kí mi nílé, ó sọ fún mi pé òun pàdé ọkùnrin yẹn ní Dùgbẹ̀, pé ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá kí òun, òun sì kọ ẹ̀yìn sí i, òun bọ́ sódìkejì títì. Ó ní, "Dádì," bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè mí nígbà náà, "ṣé mo ṣe dáadáa?" Ẹ̀pà ni mo ń jẹ. Mo ń jẹ ẹ̀pà mi nìṣó. Ó ti di lọ́yà báyìí, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ring Road, nítorí pé ìka tí kò ká kò lè di abẹ mú. Òun ni mo gbọ́ pé ó kọ́kọ́ dá a lábàá pé orúkọ mi ni kí wọ́n fi sọ láàbù.

Fọ́tò pátákó yẹn ló fọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí Ṣèyífúnmi gbé mi lọ sí Ìwó Road, níbi tí Surajudeen ń gbé. Ó ní, "Dádì, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ nínú oòrùn yìí?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú mọ́tò. Kò wò mí. Nígbà tí a débẹ̀, ó páàkì, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu yín sọ ọ́ o. Mi ò ní bá yín sọ ọ́." Surajudeen wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún fáànù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Orí rẹ̀ ti funfun. Bó ṣe rí mi, ó ju sípánà sílẹ̀. "Ọ̀gá! Ẹ ò gbàgbé mi!" Ó gbé àga fún mi, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá ó sì padà wọlé, Surajudeen rí bí ara mi ṣe rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo di ọwọ́ náà mú, mo fà á wálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má ṣàdúà fún mi, Bàbá Suhail." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, tí "ẹ" jáde lẹ́nu mi sí i. Mo sì sọ ọ́ fún un, láti orí bírékà títí dé orí bébà.

Kò bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ó dìde dúró. Ó ní, "Mo dè é?" Mo ní, "Ẹ dè é." Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó yíjú sínú ilé, ó kígbe pé, "Ìyá Suhail! Mo dè é o! Ìyá Suhail, jáde wá, mo dè é!" Obìnrin náà sáré jáde, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Surajudeen ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i kó wò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé láti ọdún méjìlá, bí ó bá tún fáànù kan ṣe tán, á tú u, á tún un dè, á tún tú u, tí oníbàárà á fi máa bínú, nítorí pé kò gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Lójú àlá pàápàá, ó ní, ó máa ń wá wáyà kan kiri. Mo gbọ́ èyí lórí àga tí wọ́n gbé fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó jókòó. Ó ní, "Bébà yẹn. Ẹ kà á fún mi létí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kà á fún mi, mo sì dúpẹ́." Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Ó ní kí n dìde. Ó ní òun kò tíì lè dárí jì mí, òun ò sì fẹ́ purọ́ fún ẹni tó ń lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti mọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kí ẹ tó lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi ní Dùgbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ mi ló ba tirẹ̀ jẹ́. Mi ò fẹ́ kú kó máa rò bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí. Mo ti búra sí ọ̀rọ̀ yìí ní kóòtù, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, ní gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní bíi ti ọjọ́sí. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lára ilé yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti di tíṣà nínú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí mi padà sídìí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ máa kan nǹkan, torí ẹ̀kọ́ náà dára, èmi ni mi ò dára. Ṣùgbọ́n bí bírékà bá gé iná níwájú èrò, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ dúró kí ojú tì yín dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹni tí kò mọ gẹ̀ẹ́sì bá sì gbé bébà wá bá yín pé kí ẹ bá òun kọ ọ́, ẹ rántí pé ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́.

Láwùmí, mi ò ní bẹ̀ ọ́ níwájú èèyàn pé kí o dárí jì mí, kí ó má baà ṣòro fún ọ láti sọ pé o kọ̀. O ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ohun kan péré ni mo tọrọ. Lọ sí Ìwó Road, wọ àdúgbò tó wà lẹ́yìn gáréèjì, béèrè Bàbá Suhail tó ń tún fáànù ṣe, ọmọdé ibẹ̀ á mú ọ débẹ̀. Òun ló fi igi ìgbálẹ̀ gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú nígbà tí mo dúró tí mo ń wò ọ́, mo sì kọ́ ọ láti kórìíra rẹ̀. Kúnlẹ̀ fún un. Kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀. Jẹ́ kó di ọwọ́ rẹ mú, èyí tí ìka rẹ̀ kò ká yẹn, kó wò ó dáadáa, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ fúnra rẹ pé kì í ṣe òun. Má dárúkọ mi níbẹ̀.